Ìka Ò Dọ́gba: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Láti Dín Agbára Akọni Kù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Òwe yìí bá gbogbo oníṣẹ́ wí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó wà lẹ́yìn bá ké pé ọ̀nà wọ́, tí títún un ṣe yóò sì pa oko ẹlòmíràn lára ńkọ́?

Ìtàn eré ìjà orí ẹ̀rọ kan lè la ọ̀rọ̀ náà yéni. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé Super Smash Bros. Brawl jáde. Eré náà kó àwọn akọni láti inú oríṣiríṣi ìtàn jọ sójú ìjà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n akọni a máa ṣàdédé fẹsẹ̀ kọ, a sì ṣubú, láìjẹ́ pé ẹni tí ń darí rẹ̀ ṣe àṣìṣe kankan. Àwọn olólùfẹ́ eré tí wọ́n gbà pé ọgbọ́n ni ó yẹ kí ó borí, kì í ṣe oríire, kó ara wọn jọ, wọ́n sì ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Project M. Àkọ́jáde rẹ̀ wáyé ní ọdún 2011. Ìṣubú òjijì sì di ohun ìgbàgbé.

Ọ̀ràn agbára ni ó le jù. Nínú ẹ̀dà 3.0, ní Oṣù Kejìlá ọdún 2013, àwọn aláìlágbára ni a gbé sókè kí wọ́n lè bá alágbára dọ́gba. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ pé agbára ti pọ̀ jù. Nínú ẹ̀dà 3.5, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2014, a dín agbára ọ̀pọ̀ akọni kù. Inú àwọn tí wọ́n ti fi òógùn kọ́ ọgbọ́n àwọn akọni wọ̀nyí kò dùn.

Ǹjẹ́ a rẹ́ wọn jẹ bí? Àwọn kan yóò ní ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìka tí kò dọ́gba náà ni ó ń jùmọ̀ bu òkèlè. Ìdọ́gba kì í ṣe kí gbogbo akọni rí bákan náà: ẹni ńlá ṣì lè lọ́ra, kí kékeré sì yára. Agbára tí ọgbọ́n ọ̀tá kò lè ràn ni ó yẹ kí a gé.

Síbẹ̀, a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Igbe ẹni tí ó pàdánù kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ pé kò tíì kọ́ bí a ṣe ń dá a lóhùn ni. Nítorí náà, alátùn-únṣe gbọ́dọ̀ ní sùúrù kí ó tó gé, kí ó sì sọ ohun tí ó gé fún gbogbo ènìyàn láìfi bò.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn oníṣẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ọ̀nà náà kò tọ́ tán pátápátá, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń là á gbà láti bojú wẹ̀yìn.