Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Karaba

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Gbogbo ẹni tó bá mọ owó kà ló mọ̀ pé èje ló tẹ̀ lé ẹ̀fà, òwe yìí kò sì bá wọn jiyàn. Ẹni tó ń bá wí ni ẹni tó rí ẹ̀fà, tó yára pe èje fúnra rẹ̀, tó sì palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe sí ẹni tí a bá ti pè ní ìkà. A rí ibi tó ṣe, a ní bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Òwe náà ni kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo tún wo Kirikou et la sorcière, fíìmù kàtúùnù tí Michel Ocelot gbé jáde lọ́dún 1998. Ọmọ Faransé ni Ocelot, ṣùgbọ́n ó gbé ní Guinea nígbà èwe rẹ̀. Youssou N'Dour ará Senegal ló ṣe orin inú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó ní kékeré kò jẹ́ gbàgbé Kirikou, ọmọ tó ti inú ìyá rẹ̀ fọhùn pé kí wọ́n bí òun. Kò sì ní gbàgbé Karaba, àjẹ́ tí wúrà kún ọrùn àti apá rẹ̀, tí ère onígi kan ń bá a ṣọ́nà lórí òrùlé.

Lọ́mọdé, ìṣirò mi kò le. Ìsun omi abúlé gbẹ: Karaba ni. Àwọn ọkùnrin lọ bá a jà, wọn kò padà wálé: ó ti jẹ wọ́n. Wúrà àwọn obìnrin dà? Ọwọ́ Karaba ló wà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí ló rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹranko kan ló wọ ihò ìsun ní kékeré, tó ń mu omi, tó ń tóbi, títí tí ẹ̀kán kan kò fi ṣẹ́ kù fún ará abúlé. Kirikou ló fi irin gbígbóná gún un. Àwọn ọkùnrin náà kò kú, Karaba ló sọ wọ́n di ère tó ń jíṣẹ́ fún un. Ó kàn jẹ́ kí ará abúlé máa gba irọ́ náà gbọ́ ni, nítorí ẹ̀rù wọn ló fi ń jọba.

Ìbéèrè kan ni Kirikou ń tẹnu mọ́: kí ló dé tí Karaba fi burú? Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn lábúlé. Ó bá gba abẹ́ ilẹ̀, nínú ihò àwọn ẹranko, kọjá ilé Karaba, ó lọ bá bàbá àgbà rẹ̀ lórí òkè tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ikún tó bá pàdé lọ́nà ni mo fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ bàbá àgbà a sì máa pẹ́ jù lójú mi. Nísinsìnyí, ibẹ̀ ni mo ti dá fíìmù dúró. Bàbá ní àwọn ọkùnrin kan ló di Karaba mú, wọ́n gún ẹ̀gún olóró bọ̀ ọ́ lọ́pàá ẹ̀yìn. Tọ̀sán-tòru ló fi ń jẹ ìrora. Ẹ̀gún yẹn náà ló fún un lágbára, kò sì fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, nítorí yíyọ rẹ̀ yóò dùn ún bí ìgbà tí wọ́n gún un wọlé.

Àwọn kan máa ń fi òwe yìí bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀, pé bí a bá mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀, a ó fi í sílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún ẹ̀yìn Karaba kò sọ wúrà olówúrà di tirẹ̀, kò sì dá ọkùnrin kankan padà fún ìyàwó rẹ̀. Kirikou pàápàá kò bẹ̀ ẹ́. Ó jí wúrà náà kó, ó fi tàn án jáde nílé, ó sì fi eyín fa ẹ̀gún náà yọ. Igbe tí Karaba ké kò kéré. Ohun tí ìbéèrè ṣe fún ọmọ náà ni pé ó jẹ́ kó mọ ibi tí yóò ti eyín bọ̀. Àwọn tó kó ohun ìjà lọ kò mọ̀ ọ́n, ara tó yí ẹ̀gún ká ni wọn ì bá máa gún.

Ìfẹ́ tó bọ́ sáàárín Kirikou àti Karaba lẹ́yìn náà yá jù lójú mi. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwọn tó gún ẹ̀gún náà kò lórúkọ, kò sẹ́ni tó wá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sínú fíìmù. Ní Gambaga, ní àríwá Ghana, àgọ́ kan wà tí àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ń gbé lẹ́yìn tí ará ilé lé wọn jáde. Opó àti arúgbó pọ̀ nínú wọn. Bí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nítòsí wa, ẹni tó ń pariwo àjẹ́ ni mo fẹ́ kí á kọ́kọ́ bi léèrè: Kí ló wà láàárín òun àti obìnrin náà? Ta ni yóò jogún ilẹ̀ rẹ̀ bó bá lọ? Bó bá jẹ́ pé ọmọ kan ló kú, àìsàn wo ló pa á, ṣé wọ́n sì gbé e dé ọsibítù?