Ẹni Tí Ó Lọ àti Ẹni Tí Ó Kù

Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjì tí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí ń gbé. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì, ọmọ bíbí Ìbàdàn Mẹ́sìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé. Àbúrò kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Penn State, ibẹ̀ ni ó sì wà nígbà tí ìjì ìtìjú ńlá kan jà níbẹ̀ ní ọdún 2011 àti 2012. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbé lọ́wọ́ sáré ni, èyí tí ó ń kó èèyàn tí ó lé ní 100,000 jọ sí pápá yunifásítì náà ní ọjọ́ Sátidé.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì tún jí nígbà tí wọ́n yọ James Franklin kúrò ní ipò olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Penn State ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí òun náà sì ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Virginia Tech kí ọdún náà tó parí. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ bọ́, tí ó kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó wá di ẹrù rẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan dojú rú, ṣé ọ̀dàlẹ̀ kọ́ ni?

Ẹ̀GBỌ́N: Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bọ́ọ̀lù ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ti ṣìnà kí á tó gbéra. Jerry Sandusky, tí ó jẹ́ igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Penn State fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó dá ẹgbẹ́ àánú sílẹ̀ ní 1977 fún àwọn ọmọ tí kò ní alátìlẹ́yìn, òun náà ni ó ń ba àwọn ọmọdékùnrin inú wọn jẹ́. Wọ́n mú un ní oṣù kọkànlá ọdún 2011. Ní oṣù kẹfà ọdún tí ó tẹ̀lé e, kóòtù dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 45, lẹ́yìn náà, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní 30 ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ti sọ fún àwọn aláṣẹ ní 2001 nípa ohun tí a rí ní ilé ìwẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí wọn kò fi tó ọlọ́pàá létí. Mẹ́ta nínú wọn ni òfin sì jẹ níyà nítorí rẹ̀ ní 2017. Àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn ni a kọ́kọ́ ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá yin ìdúróṣinṣin sí ilé kan lójú mi gbọ́dọ̀ rántí pé ìfẹ́ orúkọ ilé wà lára ohun tí ó di àwọn àgbà lẹ́nu.

ÀBÚRÒ: Mo gbà, ojú sì ń tì mí títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Wọ́n yọ Joe Paterno, tí ó ti ń ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá láti 1966, oṣù mẹ́ta kò sì pé kí ó tó kú. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n hú ère rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ní ọjọ́ kejì, ẹgbẹ́ NCAA tí ó ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì kó ìyà jọ lé ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí: owó ìtanràn 60 mílíọ̀nù dọ́là, ọdún mẹ́rin láìsí ìdíje ìparí ọdún, àyè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a dín kù, gbogbo ìṣẹ́gun láti 1998 tí a pa rẹ́. Wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ máa lọ. Silas Redd, tí ó gbé bọ́ọ̀lù sáré jù lọ fún wa ní ọdún tí ó ṣáájú, gba Yunifásítì Southern California lọ. Michael Mauti àti Michael Zordich kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n dúró níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n ní àwọn kò lọ. Kí ni ẹ ó pe ẹni àkọ́kọ́, kí ni ẹ ó sì pe àwọn méjì yìí?

Ẹ̀GBỌ́N: Akíkanjú ni n ó pe Mauti àti Zordich, tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ̀bùn ni. A kì í sì í torí pé ẹnìkan ta ìlú lọ́rẹ kí á sọ ọrẹ náà di owó orí fún gbogbo ọmọ ìlú. Redd kò jalè, kò purọ́, kò fi ìlérí rẹ̀ sílẹ̀ lóru. Ilé tí ó wọ̀ kọ́ ni ilé tí ó kù.

ÀBÚRÒ: Ọdún náà gan-an ni ikọ̀ tí ó bá lọ borí ní ìgbà 7, tí wọ́n sì fìdí rẹmi ní ìgbà 6, nígbà tí tiwa borí ní ìgbà 8 tí a sì fìdí rẹmi ní ìgbà 4 péré.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn kò fi ẹ̀bi tàbí àre hàn. Bí wọ́n bá gba ife ẹ̀yẹ, ṣé ìwọ yóò wá sọ pé ó ṣe é re?

ÀBÚRÒ: N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Àwọn àgbà kò purọ́, ṣùgbọ́n oore kọ́ ni èyí, iṣẹ́ ni. Òógùn àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó ń kún pápá, òun ni ó ń fi mílíọ̀nù dọ́là sí àpò akọ́nimọ̀ọ́gbá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, òfin kò gbà kí ọmọ fi orúkọ ara rẹ̀ pa kọ́bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá Lincoln Riley fi Yunifásítì Oklahoma sílẹ̀, ó gba Southern California lọ, àwọn ọmọ tí ó lọ gbà wá láti ilé ìyá wọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ta ni ó ní kí Riley jókòó ọdún kan kí ó tó ṣiṣẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ṣí kúrò lábẹ́ òfin àtijọ́, ọdún kan gbáko ni yóò fi jókòó létí pápá tí yóò máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ilé wa, bí bàbá kan bá mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tí ọ̀gá sì di ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí ó gba Kùmásí lọ, ṣé a ó so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọ̀gá fi sílẹ̀ ni? Bàbá yóò pe ẹbí jọ, wọn yóò ka iye ọdún tí ọmọ ti lò, wọn yóò wá ọ̀gá mìíràn, wọn yóò gbé ọtí lọ bá a, wọn yóò sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ń fi okùn bọ abẹ́rẹ́. N kò gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹbí ni ó mú un lọ nínú ìtàn yín, ẹ̀gbọ́n mi. Lónìí, orúkọ ni ọmọ ń kọ sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní pọ́tà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Láti 2021 ni wọ́n sì ti lè ṣí lẹ́ẹ̀kan láìjókòó, bẹ́ẹ̀ ni láti 2024, iye ìgbà tí ó bá wù wọ́n ni, bí ẹ̀kọ́ wọn bá ṣáà ti ń lọ déédéé. Níbo ni sùúrù wọ̀ sí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹni tí ó ń ṣí lọ́dọọdún ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó kọ orúkọ síbẹ̀ ni ó ń rí ẹni gbà á. Ṣùgbọ́n a kì í torí aláìgbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọlọ́gbọ́n.

ÀBÚRÒ: Ó dára. Ẹ wá dá mi lóhùn lórí ohun tí ó ń dùn mí gan-an. Ẹ ń sọ ti àwọn tí ó lè lọ. Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tí kò lè lọ ní 2012. Ìlú kékeré ni ó ti wá, kì í ṣe ògbóǹtarìgì, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó fi tẹlifóònù pè é ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo foonu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá ń dún. Ó sọ fún mi pé ìyà tí a dá fún gbogbo ilé ti wá di ti àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò sá sí. Ẹ̀gbọ́n mi, òmìnira tí ẹ ń yìn, ti alágbára ni. Ta ni ó ń san owó rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: NCAA ni ó dá ìyà náà, kì í ṣe ẹni tí ó lọ.

ÀBÚRÒ: Wọ́n dá a, àwọn tí ó lọ sì mú kí ó wúwo sí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kí n gba ọ̀nà ilé wá. Ní Ìbàdàn ní ayé àwọn jagunjagun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bá rí ìtọ́jú lọ́dọ̀ ológun kan lè kó lọ sí agboolé ológun mìíràn. Òun ni ó mú kí àwọn ológun lawọ́, nítorí pé ọmọ ẹ̀yìn ni agbára, ẹni tí ó bá sì ń fi ojú pọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, yóò bá agboolé lófìfo. Òmìnira ẹni tí ó lè lọ ń dáàbò bo ẹni tí kò lè lọ, nítorí ó ń kọ́ ọ̀gá ní ìbẹ̀rù.

ÀBÚRÒ: Agboolé náà kò ṣófo, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹrú kù síbẹ̀, àwọn arúgbó kù síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá kọ́, orí àwọn ni ó ti kọ́ ọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Hùn. Ìyẹn ká mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n rántí Olumuyiwa Fashanu, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Yorùbá, ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ gan-an. Ó lè ti gba ibi tí wọ́n ń sanwó lọ ní 2023, ó sì yàn láti dúró ọdún kan sí i. Ní 2024, òun ni ẹni kọkànlá tí àwọn ẹgbẹ́ tí ń sanwó mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sì dúró.

ÀBÚRÒ: Ilé tí ara tù ni ó dúró sí. Kò jọ ti 2012 rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Òtítọ́ ni, n kò lè fi í dá ọ lóhùn. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní tèmi: ta ni ó bẹ Mauti àti àwọn yòókù pé kí wọ́n dúró?

ÀBÚRÒ: Bill O'Brien, akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọdún mélòó ni ó lò?

ÀBÚRÒ: Méjì. Lẹ́yìn náà ó gba Houston lọ, sọ́dọ̀ àwọn tí ń sanwó jù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dára. Àgbàlagbà tí ó bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má lọ, òun ni ó lọ, ìyà náà kò sì tíì kúrò lórí wọn pátápátá. N kò bú u, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹrù àwọn tí ó kù bá wúwo, orí ọmọ ogún ọdún tí ó lọ kọ́ ni ó yẹ kí á gbé e lé, orí àwọn tí ó lọ gbà wọ́n wá ni. Wo bí wọ́n ti ń ṣe nísinsìnyí: akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun a kó àwọn tirẹ̀ dé, a sì rọra sọ fún àwọn tí ó bá nílẹ̀ pé kò sí àyè fún wọn mọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá mú ọmọ wá, kí ó fi ìwé tẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi gba oyè rẹ̀, ẹni yòówù kí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìbáà gbá bọ́ọ̀lù, ìbáà má gbá a. Ẹni tí kò lè lọ yóò tipa bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó dì mú.

ÀBÚRÒ: Yóò rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dì mú. Kò ní rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2012 náà, Mauti fi eékún ṣèṣe tí kò fi lè gbá ìdíje ìkẹyìn. Gbogbo ikọ̀ sì lẹ 42, nọ́ńbà rẹ̀, mọ́ akoto wọn, wọ́n na Wisconsin ní 24 sí 21. Ẹni tí mo ń sọ wà lára àwọn tí ó lẹ̀ ẹ́. Bí gbogbo ẹni tí ó lè lọ bá lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ wọn, ọjọ́ yẹn kì bá tí wáyé. Òfin wo ni yóò fún un ní ìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí. Mo ti ń yí ìbéèrè rẹ yìí ká láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, n kò rí òfin tí ó lè ṣe é láìsọ ẹnìkan di ẹrú ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi ni ó bi mí, n ó sọ fún un pé ó lè lọ. Ṣùgbọ́n n ó ní kí ó má fi orúkọ sínú ìwé kankan títí yóò fi jókòó ti àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn.

ÀBÚRÒ: Bí ó bá jókòó tì wọ́n, tí kò wá lè dìde lọ mọ́ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ó dúró, n kò ní bá a jà.

ÀBÚRÒ: Bí ó bá dìde tí ó lọ ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: N kò ní bá a jà náà, n ó sì bá a gbé àpótí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní lè sọ fún ẹni tí ó kù pé kò sí ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.