Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Ké Pe Kádàrá?

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń ná ọjà Aswani ní Ìsọlọ̀, bàálù kì í yé kọjá lókè orí àwọn tó ń pàtẹ aṣọ, bí wọ́n ṣe ń rẹlẹ̀ lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ agbègbè yìí ti rí bàálù tó já. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, Hercules C-130 ti àwọn ọmọ ogun òfurufú gbéra ní Ìkẹjà, kò sì pẹ́ tó fi já sínú àbàtà Èjìgbò, létí Ìsọlọ̀ níbí. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150. Ọ̀gá ológun tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Jaji ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹyọ ẹnì kan ò sì yè. Ohun tí a sábà ń sọ lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀ ni pé kádàrá ni. N ò bá ẹni tó gba kádàrá gbọ́ jà. Ohun tí mo ń béèrè ni pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ọ̀gá ológun òfurufú ṣe ń lọ. Nígbà tó bá wà ní Flying Officer, tó ń wa hẹlikọ́pítà, òun fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀rọ mú. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ara tirẹ̀ wà níbẹ̀. Bó ṣe ń di Squadron Leader, tó ń di Wing Commander, tó ń di Group Captain, ọwọ́ rẹ̀ á máa kúrò lára ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, á máa bọ́ sórí ìwé. Òun ni yóò buwọ́ lù ú pé kí lágbájá fò lónìí, pé ẹ̀rọ yìí ṣe é fò, pé ẹrù yìí ò pọ̀ jù, pé owó àtúnṣe lè dúró di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó bá fi di Air Vice Marshal, ó lè pẹ́ kó tó tún wọ hẹlikọ́pítà, síbẹ̀ ẹ̀mí tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ti pọ̀ fíìfíì ju ti ìgbà tó ń fò lójoojúmọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé bí ipò ṣe ń ga ni ẹ̀tọ́ láti ké pe kádàrá ń dín kù. Opó lè sọ ọ́. Ìyá tó sin ọmọ lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó buwọ́ lùwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó yẹ̀ wò kó tó buwọ́ lù ú.

Ikú Tolulope Arotile tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ọmọ Iffe ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, ni, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ló gba àmì awakọ̀. Ó fò lọ dojú kọ àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Niger, ó sì bọ̀ láyọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, nínú bárékè ní Kàdúná, ọkọ̀ tí ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ ń fi ẹ̀yìn wà ló gbá a pa. Ọmọ ọdún 24 ni. Ẹni tí ìbọn ò pa, tí mọ́tò wá pa nínú ọgbà ológun, ta ni ò ní sọ pé àyànmọ́ ni? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun òfurufú fúnra wọn ló kéde pé ẹni tó wa ọkọ̀ náà kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó péye. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́run nìyẹn, ó ti di ohun tí ènìyàn lè béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Àwọn kan á ní baba wa ti sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn Afùwàpẹ́ dé òpin. Òun, ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja ló jọ lọ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì yòókù fi ojú lásán mú èyí tó wù wọ́n, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà ayé, nítorí iná ò mú amọ̀ rẹ̀ dáadáa. Afùwàpẹ́ dífá, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè ọrùn rẹ̀, wọ́n sì dán orí wò kó tó gbé e. Nínú ìtàn tí a fi ń kọ́ni pé yíyàn ò ṣe é yí padà gan-an, àyẹ̀wò ló gba ẹni tó là. Ìwé Diutarónómì náà pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́lé tuntun ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jábọ́ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Ànábì sì sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run pé kó kọ́kọ́ so ó mọ́lẹ̀.

Hẹlikọ́pítà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ẹnjíìnì rẹ̀ bá kú lókè, ó ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá tètè rẹ ọ̀pá ìdarí sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tìsàlẹ̀ wá á máa yí abẹ orí rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, agbára yíyí yẹn ni yóò sì fi gúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti fi èyí kọ́ra léraléra, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí epo àti wákàtí ìdánrawò náà. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni ti awakọ̀. Gbogbo ọdún tó ṣáájú rẹ̀, ti àwọn ọ̀gá ni.

Wọ́n tún lè bi mí pé bí a bá gba kádàrá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí la fẹ́ fi tù ú nínú? N ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbà pé Ọlọ́run ló ni ọjọ́ ikú ṣì lè béèrè èsì ìwádìí, kò sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù.

Àtakò tó le jù wá láti Ghana. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, hẹlikọ́pítà Z-9 tó ń lọ sí Obuasi já nínú igbó, ó pa ènìyàn mẹ́jọ, mínísítà méjì wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kò dá awakọ̀ lẹ́bi. Wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ lágbègbè olókè ló mú kó já wálẹ̀ lójijì. Ṣé kádàrá kọ́ nìyẹn? Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan náà dámọ̀ràn pé kí wọ́n ra hẹlikọ́pítà tó ní ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ nípa òkè. Láti ọjọ́ tí ìmọ̀ràn yẹn ti dé orí tábìlì ọ̀gá kan, bí òmíràn bá tún gbéra láìní ẹ̀rọ náà tó sì já, ọ̀gá yẹn ò ní lè pè é ní kádàrá.