Abẹ Mélòó Ló Tó Fá Orí Kan?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ìbéèrè inú rẹ̀ kò kéré. Orí kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun gbé lé ọrùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Abẹ mélòó ni ó tó láti fá a?

Ẹni tí ó bá gbọ́ lè rẹ́rìn-ín, kí ó ní ọ̀kan ti tó. Ṣùgbọ́n láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìfàájì kan ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì, ọmọ tiwa tí ń gbé lọ́hùn-ún náà sì lè bá a pàdé. Àwọn ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí abẹ oníke tí à ń lò sọnù àti ọṣẹ inú agolo tí ń tú jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n padà sí ọ̀nà àwọn bàbá wọn àgbà: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ inú àwo tí a fi búrọ́ọ̀ṣì pò títí yóò fi hó, àti abẹfẹ́lẹ́ kan ṣoṣo nínú èèkù irin. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń lo abẹ gbọọrọ tí a ń pọ́n lórí òkúta, tí a sì ń dán lára awọ. Títí dé ibẹ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ẹni tí ó ra ọ̀kan yóò fi ra mẹ́wàá. Yóò máa wá èyí tí wọ́n rọ ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò máa wá ti Solingen ní Jámánì, nítorí pé ìlú méjèèjì ni a mọ̀ mọ abẹ rírọ láti ayébáyé. Nígbà tí yóò bá fi ojú sílẹ̀, ọṣẹ tí ó kó jọ kò ní tán nínú ọdún mẹ́wàá, abẹ inú àpótí sì ti di ogójì.

Fífi omi àti ọṣẹ fárí kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí wọ́n fara kan ara wọn, àwọn àgbà mọ onígbàjámọ̀ kí ẹ̀rọ ìgẹrun tó dé. Ẹni yìí ni àwọn Haúsá ń pè ní wanzami. Nínú àpò rẹ̀ ni abẹ wà, pẹ̀lú òkúta tí ó fi ń pọ́n ọn àti awọ tí ó fi ń dán ẹnu rẹ̀. Yóò fi omi rin irun títí yóò fi rọ̀, yóò fi ọṣẹ pa á, yóò fi ọwọ́ òsì na awọ orí, yóò sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún fá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí orí fífá nìkan. Òun ni ó ń fá irun ọmọ tuntun, òun ni ó ń kọ ọmọkùnrin nílà, òun náà ni ó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara ń ro. Abẹ rẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tí ó ní ni yóò máa pọ́n títí irin rẹ̀ yóò fi tín-ín-rín lọ́wọ́ rẹ̀.

Báwo wá ni abẹ ṣe di ohun tí à ń rà lọ́pọ̀ yanturu? Ará Amẹ́ríkà kan, King C. Gillette, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1901 ni ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ní 1904 ni ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí èèkù irin tí à ń fi abẹfẹ́lẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Ní 1903, ọdún tí ó kọ́kọ́ tajà, èèkù 51 àti abẹfẹ́lẹ́ 168 péré ni ó tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní, ìjọba ra èèkù bíi 3,500,000 fún àwọn ọmọ ogun. Ọgbọ́n òwò náà kò ju èyí lọ: èèkù a máa pẹ́, abẹfẹ́lẹ́ kì í pẹ́, nítorí náà oníbàárà kò ní í yéé padà wá. Ní 1971, ilé iṣẹ́ yìí kan náà to abẹfẹ́lẹ́ méjì sórí igi kan; ní 1998 ó di mẹ́ta; ní 2006 ó di márùn-ún. Láàárín ìgbà náà, ní 1975, Bic ti gbé abẹ oníke jáde tí a ó lò, tí a ó sì jù nù tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo sí àwọn tí wọ́n sá kúrò nínú èyí. Irun àwa ènìyàn dúdú a máa ká. Bí abẹfẹ́lẹ́ púpọ̀ bá tẹ̀ lé ara wọn, èyí tí ó ṣíwájú a máa fa irun sókè, èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn a sì gé e wọ ìsàlẹ̀ awọ. Nígbà tí irun náà bá ń hù padà, yóò ká wọnú ara, kókó wẹ́wẹ́ yóò sì yọ sí àgbọ̀n àti ọrùn. Abẹfẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, tí a rọra fà lọ sí ìhà tí irun kọjú sí, lẹ́yìn tí omi ti mú un rọ̀, kì í sábà dá irú ìyọnu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ike tí à ń dà sí ààtàn kò sì pọ̀. Ó tún ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ìkánjú lo abẹ, ẹ̀jẹ̀ ni yóò rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni èyí: ọkùnrin yìí sá fún ọjà tí ń sọ abẹfẹ́lẹ́ kan di márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ sì wá sọ abẹ kan di ogójì. Ǹjẹ́ ó ti bọ́ lóòótọ́?

Ẹ̀sìn wa kò sọ pé kí ènìyàn má ní ohun tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n Súrà Takáthur, èyí tí í ṣe ìkejìlélọ́gọ́rùn-ún nínú Àlùkùránì, kìlọ̀ fún wa nípa ìfigagbága nínú kíkó ohun jọ, tí ń gbàgbé sàréè mọ́ ènìyàn lọ́kàn. Súrà Humaza sì bá ẹni tí ń kó owó jọ wí, tí ń kà á, tí ó sì rò pé yóò sọ òun di ẹni tí kì í kú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe níní nìkan ni ó wà nínú ìkìlọ̀ yìí, kíkà náà wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí abẹ wà fún. Irinṣẹ́ ìdínkù ni. Ọkọ́ ń gbin, abẹ́rẹ́ ń so pọ̀, abẹ ń mú kúrò. Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka ìkọlà, gígé irun orí ètè, gígé èékánná, mímú irun abíyá kúrò àti fífá irun ojú ara mọ́ ìmọ́tótó tí a dá ènìyàn mọ́, yàtọ̀ sí ìkọlà, wọn kò sì gbọdọ̀ ju ogójì ọjọ́ lọ láìṣe àwọn yòókù. Ẹni tí ó lọ sí Háájì, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, orí rẹ̀ ni yóò fá tàbí kí ó gé irun rẹ̀ kúrú. Ànọ́bì sì tọrọ àánú léraléra fún àwọn tí ó fá a kí ó tó fi àwọn tí ó gé e mọ́ wọn. Ní ti ọmọ tuntun, ó jẹ́ sunna pé kí á fá irun rẹ̀ lọ́jọ́ keje, kí á sì fi fàdákà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti irun náà mu ṣe sàráà. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: ohun tí abẹ mú kúrò lórí ọmọ olówó di ohun tí ó wọ ọwọ́ tálákà. Nínú gbogbo èyí, abẹ ń kọ́ wa láti jọ̀wọ́ ohun tí ó lé. Bí a bá wá sọ abẹ fúnra rẹ̀ di ohun tí ó lé, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹnì kan lè bi wá pé: ta ni mo pa lára? Ṣebí ẹlòmíràn ń kó ìwé jọ, ìyá mi sì ní àwo tí a kì í jẹun nínú rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí ó kó abẹ àtijọ́ jọ tí ó mọ bí a ti ń rọ irin, tí ó ń tún èyí tí ó dípẹtà ṣe, tí ó sì ń fi han ọ̀dọ́ bí a ti ń pọ́n ọn, ó ń pa ìmọ̀ mọ́ ni. A kò lè fi òun wé ẹni tí ń rà nítorí pé ẹlòmíràn ti rà. Iye kọ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ràn ìfàájì yìí bi ara rẹ̀ ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní, owó tí mo fi rà á, ǹjẹ́ kò sí gbèsè tàbí owó oúnjẹ ilé nínú rẹ̀? Èkejì, ǹjẹ́ abẹ yìí ṣì ní iṣẹ́ kankan tí yóò ṣe? Ẹ̀kẹta, yàtọ̀ sí èmi, ta ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀?

Kí ó sì ṣọ́ra nípa ohun tí ó ń rà. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú búrọ́ọ̀ṣì ọṣẹ wọ̀nyí, ọ̀rá ẹran ni wọ́n sì fi ṣe òmíràn nínú ọṣẹ wọn. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí irun ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí búrọ́ọ̀ṣì tí kò ní irun ẹranko nínú rárá wà lọ́jà, kí ni Mùsùlùmí ń wá nínú ohun tí ń kọ ọ́ lóminú? Ní ti irùngbọ̀n, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gbà pé kí á fá a kanlẹ̀. Kí olúkúlùkù bi àáfà rẹ̀. Abẹ tí ẹlòmíràn sì ti lò rí, kí á se èèkù rẹ̀ nínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n kí á má ṣe bá ẹnikẹ́ni lo abẹfẹ́lẹ́ kan náà. Àrùn éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hepatitis B lè tipa ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ ranni.

Ohun kan kù. Ìfàájì tuntun yìí, iwájú dígí ni ènìyàn ti ń dá a ṣe. Ti onígbàjámọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹni tí à ń fá orí rẹ̀ yóò tẹrí ba, irin mímú yóò sì máa kọjá létí ọrùn rẹ̀ ní ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí kò bá sí ìgbẹ́kẹ̀lé, ta ni yóò jókòó bẹ́ẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Àwọn ará ìlú méjèèjì yìí jọ ń nájà, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì jọ ń kírun. Ó yẹ kí ó dùn wá pé irú ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ń mú kí ènìyàn gbé orí fún ọmọ ìlú kejì fá ti ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Kì í ṣe abẹ ni a ó fi ra irú ìyẹn padà.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí abẹ wù, kọ́ ọ dáadáa. Ra èyí tí ó dára, tọ́jú rẹ̀, kí ó bá ọ kalẹ́. Lẹ́yìn náà, wo bàbá rẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tí kò lè fá orí ara rẹ̀ mọ́. Gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ bá a ní àárọ̀ Jímọ̀, fi abẹfẹ́lẹ́ tuntun sínú èèkù, kí o sì bá a fá a kí ó tó lọ sí mọ́sáláṣí. Bí o bá ní abẹ mìíràn tí kò níṣẹ́ nínú àpótí, fún ẹni tí yóò fi ṣiṣẹ́. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ ìwọ̀n ara wa, kí ó sì fi ìrẹ́pọ̀ sáàárín àwọn ìlú wa. Àmín.