Ìjà Ẹni Méjì, Ebi Ẹni Kẹta

Bí èmi àti aládùúgbò mi bá jà, tí mo ní n kò ní í ra ata lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́, ta ló lè bá mi wí? Owó mi ni, ọbẹ̀ mi ni. Bí mo bá tún ní àwọn ọmọ mi kò gbọdọ̀ dé ojúde rẹ̀, ẹnu mi tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá lọ sílé ẹni kẹta lópin àdúgbò, tí mo ní, "Ìwọ náà, o kò gbọdọ̀ ra ata lọ́wọ́ wọn, bí o bá rà á, o kò ní í pàtẹ lọ́jà wa mọ́," ọ̀rọ̀ ti yí padà. Onítọ̀hún á wò mí lókè, á wò mí nílẹ̀, á ní: "Ṣé èmi ni mo bá ọ jà ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àdúgbò lásán, ṣùgbọ́n òun ló wà nídìí ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe sí Kúbà láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Aládùúgbò ni àwọn méjèèjì lóòótọ́. Láti etí òkun Florida dé Kúbà kò ju nǹkan bíi máìlì 90 lọ. Ó fi díẹ̀ ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ará Kúbà kì í sì í ṣe àjèjì sí àwa náà. Ọ̀pọ̀ nínú baba ńlá wọn ló jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Títí di òní olónìí, wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun níbẹ̀, Lukumí ni wọ́n sì ń pe ohun tí wọ́n jogún náà.

Báwo ni ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀? Lọ́dún 1959 ni Fidel Castro gba ìjọba. Nígbà tó di 1960, ìjọba rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ epo, ilé iṣẹ́ ṣúgà àti ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, kò sì san owó ìtanràn fún wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy ti ọ̀nà òwò mọ́ Kúbà pátápátá. Títí dé ibẹ̀, ìjà ẹni méjì ni. Bí Amẹ́ríkà bá ní ará ilé òun kò ní í fa tábà Kúbà, kò ní í jẹ ṣúgà Kúbà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ilẹ̀kùn ara rẹ̀ ló tì.

Ibi tí wàhálà ti dé ni pé ọwọ́ náà gùn jù. Lọ́dún 1992, wọ́n ṣe òfin pé ilé iṣẹ́ tó bá jẹ́ ọmọ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ì báà wà ní Kánádà tàbí ní Ìlú Ọba, kò gbọdọ̀ bá Kúbà ṣòwò. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tó bá lọ gúnlẹ̀ sí Kúbà nítorí òwò kò gbọdọ̀ já ẹrù tàbí kó ẹrù ní èbúté Amẹ́ríkà fún 180 ọjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1996, ọmọ ogun òfurufú Kúbà yìnbọn já ọkọ̀ òfurufú kéékèèké méjì bọ́, èèyàn mẹ́rin sì kú. Inú bí Amẹ́ríkà. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Helms-Burton. Òfin yìí sọ pé ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tó bá ń fi dúkìá tí Kúbà gbà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ṣòwò, àwọn tó ni ín lè pè é lẹ́jọ́ ní kóòtù Amẹ́ríkà. Àwọn ààrẹ so apá òfin yìí rọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún, kí Ààrẹ Trump tó tú u sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2019.

Apá kan wà tí wọn kò so rọ̀. Ilé iṣẹ́ Kánádà kan tó ń jẹ́ Sherritt ń wa nickel ní Moa, ní Kúbà, níbi tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ti ni ilẹ̀ rí. Lọ́dún 1996 kan náà, Amẹ́ríkà kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá Sherritt pé wọn kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ òun mọ́. Àwọn nìkan kọ́ o: òfin náà kan aya wọn àti àwọn ọmọ wọn tí kò tíì tójúúbọ́. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe?

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló wá kàn mí nínú nickel?" Ẹ ní sùúrù. Ẹ wo bí ọwọ́ náà ṣe ń rìn. Bí oníṣòwò kan bá fẹ́ sanwó ọjà fún ẹni tó wà ní ìlú mìíràn, dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi ná an, àìmọye owó dọ́là bẹ́ẹ̀ ló sì ń gba inú bánkì New York kọjá, bí olówó àti ọlọ́jà kò tilẹ̀ dé Amẹ́ríkà rí. Bí owó náà bá ti kan New York, òfin Amẹ́ríkà ti dì í mú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, bánkì ńlá ilẹ̀ Faransé kan, BNP Paribas, gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì gbà láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 8.9 dọ́là, nítorí pé ó bá Sudan, Iran àti Kúbà ṣe owó dọ́là. Láti ìgbà náà, bí ọ̀pọ̀ bánkì bá rí orúkọ Kúbà nínú ìwé owó, ara wọn kì í gbà á. Àgbà tó rí i tí wọ́n na ọba nígboro, ṣé kò ní í sá wọlé?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fọ́jú sí ẹjọ́ Amẹ́ríkà o. Ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn baba wa pàápàá ló sì bá a ro ó tán. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ohun tí Helms-Burton ń wí gan-an nìyẹn: "Kúbà ló gbé epo mi, ìwọ ará Kánádà lo gbà á sílẹ̀." Bí wọ́n bá jí ọkọ̀ mi gbé, tí mo bá a lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń fi í ná Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ìbàdàn, ǹjẹ́ mo lè pa á mọ́ra nítorí pé òun kọ́ ló jí i? N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òwe náà lágbára.

Ṣùgbọ́n níbo ni n óò fà á lọ? Ṣé ẹ̀yìnkùlé mi ni mo máa mú un lọ, kí n fi ẹ̀gbọ́n mi jókòó ṣe adájọ́, kí n sì lé àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní àdúgbò? Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ibi tí a ti ń dájọ́ ẹni tó gba epo sílẹ̀ ni iwájú àgbà tí àwa méjèèjì jọ gbà. Nínú ọ̀rọ̀ Kúbà, Amẹ́ríkà ni olùpẹjọ́, òun ni adájọ́, òun náà sì ni ọlọ́pàá. Lẹ́yìn èyí, epo tí wọ́n jí nìkan ni òwe yẹn mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó kó ìrẹsì lọ sí Kúbà kò gba epo ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2000, Amẹ́ríkà ti gba àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ láyè láti ta oúnjẹ fún Kúbà, bí owó bá ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ọkọ̀ ojú omi ti 1992 kò tìtorí èyí kúrò nínú ìwé.

Ó yẹ ká wá bojú wo ilé, torí àwa ará Ìjẹ̀bú mọ̀ nípa ọ̀nà títì ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Lọ́dún 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kọjú ogun sí Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Awùjalẹ̀ ìgbà náà, Ọba Adémúyẹ̀wò Fìdípọ̀tẹ̀, kò fẹ́ kí iyọ̀ àti ẹ̀tù tó ń ti etí òkun bọ̀ dé Ìbàdàn mọ́. Ó nídìí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀: Ìbàdàn ti lágbára jù, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo ilẹ̀.

Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ogun Kírìjì kò tìtorí ọ̀nà dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń fi iyọ̀ ṣe ọbẹ̀ n'Ìbàdàn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, kì í ṣe àwọn ológun. Ará Èkó tó ń retí epo pupa, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, pàdánù. Oníṣòwò Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ jókòó ti ẹrù rẹ̀. Ẹrù mìíràn sì wá ọ̀nà gbà: ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn, lójú omi tí àwọn ará Ìwòpin àti Makùn-Omi ń pẹja lónìí, títí wọ́n á fi bọ́ sí ọ̀nà Oǹdó tí Gómìnà Glover ti ní kí wọ́n ṣí lọ́dún 1872. Ẹni tó bá ti ọ̀nà, ó ń kọ́ ẹlòmíràn bí a ti ń lànà tuntun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọ̀ mí lára sí nìyí. Ọmọ ogun Ìjẹ̀bú pàgọ́ sí Òrù, nítòsí Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, Balógun Ọ̀náfowókàn ló ṣáájú wọn. Nígbà tó di 1883, àwọn wọ̀nyí ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn tí ọ̀nà títì ń pa lára kọ̀ fún ẹni tó ti ọ̀nà. Fìdípọ̀tẹ̀ fi ààfin sílẹ̀, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, kò sì padà wá jọba. Ẹ ò rí i? Àṣẹ náà le, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jìyà rẹ̀ ní ẹnu, wọ́n sì fi ẹnu náà sọ̀rọ̀.

Ẹni kẹta tó wà l'Èkó, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tó ju ẹnu lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, ó fún Ìjẹ̀bú ní ìlérí pọ́n-ùn 500 lọ́dún dípò owó ibodè, pé kí wọ́n ṣáà ṣí ọ̀nà. Nígbà tí ó ní wọn kò mú àdéhùn ṣẹ, ó gbé ìbọn arọ̀jò-ọta wá ní oṣù karùn-ún. Wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, ó sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. N kò yìn ín. Ọ̀nà ló lóun wá ṣí, ilẹ̀ ló bá a lọ.

Ẹ wá padà sórí ọ̀rọ̀ Kúbà. Ará Kánádà kò ní ìbò ní Amẹ́ríkà, kò lè ní kí ààrẹ wọn fi ààfin sílẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò sì ní gbé ìbọn. Lọ́dún 1996 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin pé ilé iṣẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òfin Amẹ́ríkà yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin méjì bá dojú kọ oníṣòwò, èyí tí dọ́là wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdọọdún láti 1992 ni ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń dìbò pé kí Amẹ́ríkà ṣíwọ́. Ní 2023, orílẹ̀-èdè 187 ló ní kó ṣíwọ́. Amẹ́ríkà àti Israel nìkan ló kọ̀ ọ́. Ọ̀nà kò tìtorí ẹ̀ ṣí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oyinbo nìkan ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Lọ́jọ́ kẹrin, ECOWAS, tí ààrẹ wa ń ṣe alága rẹ̀ nígbà náà, ti bọ́dà mọ́ wọn. Nàìjíríà sì já iná mànàmáná tó ń bá wọn gbé ìlú wọn ró. Òótọ́ ni pé Niger ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS tẹ́lẹ̀, èyí sì sàn ju ti Kúbà lọ. Ṣùgbọ́n ta ló jìyà? Tírélà tò gbọọrọ ní Malanville, ní ilẹ̀ Benin, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìpínlẹ̀ méje wa ló bá Niger pààlà, ará ibẹ̀ ti ń ná ọjà pọ̀ kí òyìnbó tó fa ìlà sáàárín wọn. Obì Ìjẹ̀bú wa náà ti ń lọ sí òkè Ọya tipẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń kọjá bọ́dà. Ṣé ẹnikẹ́ni bi ìyá olóbì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè léèrè? Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ológun náà ṣì wà lórí oyè. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọ̀gá wọn búra wọlé fún ọdún márùn-ún sí i.

N kò ní kí a má ti ọ̀nà mọ́ òṣìkà rárá. Ìgbà mìíràn wà tí kí a máa bá èèyàn náwó jẹ́ kí a máa bá a gbé ọ̀bẹ. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí àṣẹ kan bá máa pa lára, ó yẹ kí ó ní ibi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀, kí ẹni tó pàṣẹ sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Awùjalẹ̀ tó le koko jù lọ ṣì ní Òrù tó lè bi í léèrè. Ọba tí kò ní Òrù kankan, àfi kí ó ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ nìkan, kí ó sì fi tẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ kọjá ibẹ̀, a kì í pe ìyẹn ní ìbínú mọ́. Ó ti ń jọba lórí ẹni tí kò fi í joyè.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ nínú rédíò pé wọ́n ti ọ̀nà mọ́ ìlú kan, ẹ má kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n á ti sọ ìyẹn fún yín. Ẹ béèrè ẹni kẹta, kí ẹ béèrè ẹni tí yóò lọ ròjọ́ fún, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá láti ṣí ọ̀nà.