Àmì Ọlọ́hun Nínú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Ọpọlọ

Al-Kùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Súrà Adh-Dhāriyāt, āyah 21, pe ọmọnìyàn láti wo àmì Ọlọ́hun (S.W.T.) nínú ara rẹ̀. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń gba tó ìdá 15 nínú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde. Ní 1890, Roy àti Sherrington ṣàlàyé pé apá ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí. Nígbà tí ẹnìkan bá ń ké Al-Kùráánì, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ a máa tú èròjà glutamate jáde. Èyí á mú kí nitric oxide jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí á sì fẹ̀. Noradrenaline ní tirẹ̀ a máa fún un pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, oníkéwú náà kò tilẹ̀ mọ̀!

Kí ló wá dé tí àwọn aáfà kan fi ń sọ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá rẹ̀ kan kú lójijì, pé àlùjànnú ló gbá a? Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ló dí tàbí tó bẹ́. Àdúà dára, ṣùgbọ́n Ànábì (S.A.W.) pàṣẹ kí aláìsàn wá ìtọ́jú. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń fọ hàǹtú fún un nílé, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ń kú lọ.