Ṣé Omi Tí A Jí Ni A Ó Fi Ṣe Àlùwàlá?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Lóṣù yìí, ara wa ni a kọ́kọ́ ṣe wáàsí fún. Sọ́fítíwià tí a fi ń ṣe ìwé ìkéde wáàsí wa, ayédèrú ni, a kò gbàṣẹ lọ́wọ́ olóhun. Arábìnrin kan ló bi wá pé: "Ṣé omi tí a jí ni a ó fi ṣe àlùwàlá?" Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n òdodo ni.

Àwọn kan ń sọ pé kèfèrí olówó ló ni ín. Ẹ rántí ọdún 622. Àwọn ará Mẹ́kà ń wá ẹ̀mí Ànábì (SAW), síbẹ̀ ó fi Aliyu sílẹ̀ kí ó dá àmánà wọn padà fún wọn. Bí a kò bá gbọdọ̀ jẹ àmánà ọ̀tá, ti ẹni tí kò ṣẹ̀ wá ńkọ́? Nínú Suratul Maaida, ẹsẹ 1, Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí a mú àdéhùn ṣẹ. Ní 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fiqhi lágbàáyé fẹnu kò ní Kuwait pé Sharia dáàbò bo ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé àti ti olùpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn ní àìlówó ló fà á. Ọlọ́hun kò ti ilẹ̀kùn halaali. Ní 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà kéde iṣẹ́ GNU: sọ́fítíwià tí ẹnikẹ́ni lè lò, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland, gbé Linux jáde. LibreOffice náà wà fún lẹ́tà àti ìṣirò, a kì í san kọ́bọ̀.

Àmọ́ èyí náà ní àdéhùn tirẹ̀. Ìwé àṣẹ GPL sọ pé ẹni tó bá tún un ṣe tó sì pín in fáyé gbọ́dọ̀ fi kóòdù rẹ̀ tì í. Ẹni tó bá fi kóòdù náà pamọ́ ti da àdéhùn.

A ti pa ayédèrú náà rẹ́. LibreOffice ni a fi ṣe ìwé tí ẹ ń kà yìí. Ẹ̀yin náà, ẹ yẹ kọ̀ǹpútà yín wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóòdù kọ, ẹ kọ èyí tí yóò ṣe aráyé láǹfààní, nítorí ìmọ̀ tó ń ṣeni lóore wà lára ohun tí ẹ̀san rẹ̀ kì í dúró lẹ́yìn ikú.

Kí Ọlọ́hun forí jìn wá, kí Ó fi halaali tó wa. Aamiin.